Ọpẹ́ Kejì

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, gbogbo ará ìjọ wa ní Sabon Gari Zaria níbí, ẹ má bínú pé mo tún dìde. Ẹ ti bá mi dúpẹ́ rí lórí àìsàn yìí. Lẹ́yìn tí mo bí Ayọ̀ ni ẹsẹ̀ mi wú, tí mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n sì mí dáadáa, tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Shika. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò lè tu ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Àìsàn abiyamọ ni; ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oyún bá ń parí lọ tàbí láàárín oṣù 5 lẹ́yìn ìbímọ, ìhà Àríwá yìí sì wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù láyé. Wọ́n fún mi ní Lasix àtàwọn oògùn mìíràn, omi tó dúró sí mi lára fà, ẹ sì bá mi jó níwájú pẹpẹ yìí.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ ijó yẹn, ikú ló wù mí.

Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Gbogbo ẹni tó bá wọlé á ní, "Ìyá Ayọ̀, ọpẹ́ ló yẹ ọ́." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́nu mọ́. Ọmọ á sunkún, màá máa wò ó bí ọmọ àlejò. Lóru, tí àyà mi bá ti lù kì, ìka mi á ti wà lọ́rùn ọwọ́, màá máa kà á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi ti fà tipẹ́, síbẹ̀ ìjókòó ni mò ń sùn, ìrọ̀rí lẹ́yìn mi, nítorí ẹ̀rù pé bí mo bá dùbúlẹ̀ mi ò ní jí. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ o. Nígbà tó yá, oògùn ọkàn gan-an sú mi.

Dókítà obìnrin kan, ọmọ Haúsá, ni Ọlọ́run lò. Ó ti yẹ̀ mí wò, ó ti kọ̀wé tán, ló bá gbójú sókè: "Maman Ayo, kina iya barci?" Bóyá mò ń rí oorun sùn ló ń béèrè. Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Kò ní kí n mọ́kàn le. Ó ní àìsàn ni, pé nínú ẹni 5 tí ọkàn wọn bá rẹ̀ bíi tèmi, ó máa ń tó ẹnì kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì líle ń mú, pé tàwa abiyamọ tún lè ní ti ìbímọ nínú, àti pé ẹni tó bá ti rẹ̀wẹ̀sì kì í sábà lo oògùn déédéé, ìyẹn sì ń pa èèyàn.

Ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ló ní kí n lọ. Ìyá ọkọ mi figbe ta lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Ṣé orí ìyàwó ẹ dàrú ni?" Ọkọ mi fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Ọlọ́run á dá a sí fún mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ náà, wọ́n wo àwọn oògùn ọkàn mi kí wọ́n tó fún mi ní sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí ìyàtọ̀. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè máa mí jẹ́jẹ́ tí àyà bá ń já mi, torí ìbẹ̀rù nìkan tó láti mú ọkàn sáré. Wọ́n ní kí n máa yọ àwọn ìrọ̀rí náà níkọ̀ọ̀kan. Hajiya aládùúgbò wa ló ń bá mi rìn nírọ̀lẹ́.

Ará, mò ń sùn! Mò ń dùbúlẹ̀ sùn! Ayọ̀ á rẹ́rìn-ín, inú mi á dùn dénú. Mo ṣì ń lo bisoprolol, oògùn ọkàn mi, wọ́n sì ní kí n má ronú oyún mìíràn láì kọ́kọ́ bá àwọn sọ ọ́. Mo gbà.

Mo mọ̀ pé mi ò dá wà nínú ilé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní àìsàn ọkàn, tí oorun ò wá, tí ayé sú yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín. Ẹni tó bá ń tijú àtidá lọ, kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Màá bá a dé Shika. Halleluyah!