Makhana tó gbẹ táútáú: bí a ṣe ń yan án nílé

Ẹni tí kò bá mọ makhana rí, gúgúrú ni yóò kọ́kọ́ pè é. Ó funfun, ó fúyẹ́, ó rí róbótó, àmì pupa rúsúrúsú sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Àmọ́ kì í ṣe àgbàdo, kò sì hù lórí ilẹ̀. Hóró ewéko inú adágún ni. Ìbátan òṣíbàtà ni: ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí omi, ó fẹ̀ ju àtẹ lọ, ẹ̀gún sì bò ó, títí kan èso rẹ̀. Fox nut lorúkọ tó ń jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ó rí ọ̀rá tí wọ́n kọ "lotus seed" sí lára. Àṣìṣe ni, ewéko ọ̀tọ̀ ni lotus.

Ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, pàápàá agbègbè Mithila, ní Darbhanga àti Madhubani, títí lọ sí ìhà Purnia àti Katihar. Lọ́dún 2022 ni ìjọba Íńdíà fi òfin dáàbò bo orúkọ "Mithila Makhana", kí ará ibòmíràn má bàa fi ta ọjà tiẹ̀. Hóró rẹ̀ máa ń já bọ́ sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Àwọn apẹja, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran Mallah, ló ń mòòkùn lọ gbá a jọ. Wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fi asẹ́ ṣà á ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, wọ́n á yan án nínú agbada irin. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á tún un yan, bó bá sì ti gbóná janjan báyìí ni wọ́n á kó ìwọ̀nba hóró sórí pákó, wọ́n á fi òòlù igi lù ú. Èèpo dúdú á fọ́, funfun á bú jáde. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n, owó náà sì tọ́ sí wọn.

Ohun tó kan alásè níbẹ̀ ni pé nígbà tí makhana bú, inú rẹ̀ di ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí ẹ rà, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó, ó ti fa omi díẹ̀ sára kó tó dé ọwọ́ yín. Omi yẹn la fẹ́ lé jáde tí a fi ń yan án nílé. Ìdí tí makhana fi ń le bíi rọ́bà lẹ́nu nìyẹn: omi ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí omi ti padà wọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá ń rà á, nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ mi ọ̀rá náà. Ó yẹ kó máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Tí ìyẹ̀fun bá pọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀rá, tí ihò tín-ín-rín sì wà lára hóró, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ la bíi mẹ́wàá nínú àwọn tó tóbi jù sí méjì. Funfun ló yẹ kí inú wọn jẹ́. Tí ẹ bá rí okùn bíi ti aláǹtakùn tàbí dúdú nínú wọn, ẹ la gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Bí ó bá ti kan omi, ó parí nìyẹn.

Fún abọ́ kan tí ènìyàn méjì yóò jẹ: makhana gíráàmù 50 (ife mẹ́ta sí mẹ́rin), ghee ṣíbí ìpo-tíì méjì, iyọ̀ ìdá mẹ́rin ṣíbí ìpo-tíì, ata dúdú lílọ̀ bákan náà, àti ata ilẹ̀ pupa (turmeric) ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú. Ghee ni bọ́tà tí wọ́n yọ́ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tán. Ẹ má fi bọ́tà lásán rọ́pò rẹ̀, nítorí omi wà nínú bọ́tà. Òróró ẹ̀pà dára jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ gbé páànù tí ìdí rẹ̀ nípọn kaná, kí iná kéré. Ẹ da makhana sí i láìfi òróró kankan sí i, ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá. Kó má ga ju ìpele méjì lọ nínú páànù. Tó bá pọ̀ jù, ti òkè kò ní rí iná. Ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ gbé e sórí àwo títí tí yóò fi tutù díẹ̀, torí èyí tó gbóná máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́. Tó bá fọ́ wómúwómú, tí ẹ sì gbọ́ ìró rẹ̀, ó ti yá. Tó bá pẹlẹbẹ sábẹ́ ìka tó tún fẹ́ wú padà, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì kún un.

Ẹ kó o kúrò nínú páànù. Ẹ yọ́ ghee nínú páànù kan náà, ẹ pa iná, kí ẹ tó da ata ilẹ̀ pupa àti ata dúdú sí i. Ẹ da makhana padà kíákíá, ẹ wọ́n iyọ̀ lílọ̀ kúnná sí i, ẹ rò ó pọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ghee tààrà sórí makhana: àwọn tó kọ́kọ́ kàn án á mu gbogbo rẹ̀, àwọn tó kù á gbẹ, iyọ̀ á sì já bọ́ sísàlẹ̀ abọ́. Ọ̀rá ló ń di iyọ̀ mú mọ́ ara makhana. Tí ẹ bá sì da ata ilẹ̀ pupa sórí iná tó ń jó, yóò korò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni iná ńlá. Ìta á pọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, inú á sì máa fà lẹ́yín. Tí ẹ bá ní ààrò gáàsì tàbí ti iná mànàmáná, 150°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín, kì í já ni kulẹ̀.

Lásìkò ààwẹ̀ bíi Navratri, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tó ń gbààwẹ̀ kì í fi iyọ̀ lásán sí i. Iyọ̀ àpáta tí wọ́n ń pè ní sendha namak ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú ata dúdú. Ní ọjọ́ mìíràn, chaat masala, ìyẹn àpòpọ̀ èròjà lílọ̀ tó kan díẹ̀, ló gbayì. Iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ dín ti yín kù. Tí ẹ bá fẹ́ kó kan díẹ̀, ìyẹ̀fun máńgòrò àìpọ́n gbígbẹ tó ń jẹ́ amchur ni kí ẹ lò. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ yóò rọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá pò ó mọ́ àlùbọ́sà, tòmátì, apálá àti ọbẹ̀ àjàgbọn, bí wọ́n ti ń ṣe bhel, ìpápánu Íńdíà kan, ẹ má pò ó títí ẹnu yóò fi ṣetán láti jẹ ẹ́.

Chivda, ìyẹn ìpápánu oníyọ̀ tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ẹ̀pà, náà dùn púpọ̀. Ẹ gbé òróró ṣíbí ìmùkọ kan kaná, ẹ dín ẹ̀pà gíráàmù 50 títí yóò fi pọ́n, ẹ yọ ọ́. Ẹ da hóró mọ́sítádì ìdajì ṣíbí ìpo-tíì sínú òróró náà. Tó bá ti ń ta, ẹ já ewé curry mẹ́wàá sí i. Ewé náà gbọ́dọ̀ gbẹ kaká. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ewé tí wọ́n ń pe orúkọ yìí lọ́jà wa ni mò ń sọ. Òórùn wọn kò jọra rárá. Ẹ pa iná, ẹ kó ẹ̀pà àti makhana yíyan gíráàmù 50 padà, ẹ fi iyọ̀ sí i.

Èyí tó dùn bí ṣúgà ló gba ojú jù. Gur, ìyẹn ṣúgà ìrèké tí wọn kò sọ di funfun, gíráàmù 80. Omi ṣíbí ìmùkọ kan. Ghee ṣíbí ìpo-tíì kan. Iná kékeré. Tó bá yọ́ tó sì ń hó, ẹ máa kán ẹ̀kán kan sínú omi tútù. Tó bá ń fà, kò tíì tó. Tí ẹ bá dúró níbẹ̀, makhana yín á lẹ̀ mọ́ra wọn lọ́jọ́ kejì. Tó bá le tó sì ṣẹ́ pẹ́ẹ́, ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló wà láàárín èyí àti kíkorò. Ẹ da makhana yíyan gíráàmù 50 àti yànmọ̀tí sí i, ẹ rò ó, ẹ tú u sórí àtẹ tí ẹ fi ghee pa, ẹ sì fi ṣíbí méjì yà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó tutù.

Ní ti ìlera: gíráàmù 100 ní purotéènì bíi gíráàmù 9 sí 10, ọ̀rá rẹ̀ kò tó gíráàmù 1, kálórì rẹ̀ sì tó 350. Oúnjẹ afáralókun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ wọ̀n ọ́n jẹ. Ghee ṣíbí ìmùkọ kan ṣoṣo ní kálórì ju makhana gíráàmù 25 lọ, nítorí náà ṣíbí yín ni kí ẹ máa ṣọ́. Fún ọmọ kékeré, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi wàrà sè é. Odidi rẹ̀ lè há a lọ́fun.

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó kó o sínú agolo tí ìdérí rẹ̀ dì. Èyí tí ẹ dé nígbà tó ṣì gbóná, ooru rẹ̀ á di omi lábẹ́ ìdérí, á sì kán padà sí i lára. Èyí tó ní iyọ̀ àti ata nìkan máa ń dára fún bíi ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá rọ̀ nígbà òjò, ẹ má dà á nù: ẹ gbé e padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ sì tún fi ìka tẹ ẹyọ kan wò.