Ẹni tí ilé kọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ìyá kan sọ láàárọ̀ yìí kò tíì kúrò létí mi. Mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, oorun kò kùn mí, ni mo bá rìn lọ sínú igbó Lesnes Abbey ní London, mo sì bá ìyá náà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbi òkìtì tí àwọn ará Ìgbà Idẹ (Bronze Age), ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi idẹ rọ irinṣẹ́, mọ sórí òkú wọn. Ọmọ náà ń sọ fún un pé sàréè ni. Ìyá náà mi orí, ó ní, “Inú igbó kẹ̀? Ẹni tí ilé kọ̀ nìyẹn.”

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì kọjá. N kò lè jiyàn, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn: àgbà tó kú ikú ire, ilé ni à ń sin ín sí, igbó wà fún ikú tí a kì í ròyìn. Òkìtì ọ̀hún kò tilẹ̀ ga. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ilẹ̀ ló kàn wú, ewé gbígbẹ bò ó, pẹ̀lú èèpo èso chestnut tó ń gún ni bí ẹ̀gún òòrẹ̀, ajá kan sì sá gùn ún kọjá láìbẹ̀rù òkú. Bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní 2,000 ọdún níbẹ̀ kí Richard de Luci, ìjòyè ọba Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́ ilé ìsìn tí àwọn àlùfáà ń gbé pọ̀ sí ìsàlẹ̀ igbó náà ní 1178, ilé tí wọ́n sì tì pa ní 1525.

Ibi gbalasa, níbi tí ojú yóò ti tó o láti òkèèrè, ni wọ́n sábà máa ń mọ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ sí. Bóyá wọn kò gbé e lọ sínú igbó rárá. Bóyá igbó ló wá bá a. Ní Shooters Hill tí kò jìnnà síbí, mẹ́fà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ ló pa márùn-ún rẹ́. Ta ló wá kọ òkú nínú ilé àti igbó?

Èrò yìí dùn mọ́ mi títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran, lẹ́yìn náà kò dùn mọ́. Ilé ni a sin Bàámi sí, a tẹ́ táìsì sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí gbogbo wa ti tú kúrò nínú rẹ̀, ṣé ilé náà ni, àbí...

Àbúrò mi ní òun yóò wá ẹni tí yóò ro àyíká ibẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, òun yóò sì fi àwòrán ránṣẹ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù Agẹmọ náà.