Kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́ nínú fídíò méjì tó jọra

Fídíò pọ̀ lórí díìsìkì mi, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ẹ̀dà méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra. Mo fẹ́ dín wọn kù láìpa èyí tó dára jù rẹ́. Ẹ̀kọ́ tó ràn mí lọ́wọ́ jù nínú iṣẹ́ náà ni pé kéèyàn kọ́kọ́ mọ irú ìjọra tó ń wá, kó tó tẹ àṣẹ kankan sínú terminal.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá fáìlì méjèèjì bára mu láti báìtì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, àṣẹ cmp ti tó:

cmp a.mp4 b.mp4

Bí kò bá fọhùn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n bá wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi sha256sum gba hash, ìyẹn àmì kúkúrú tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò látinú gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì, níbì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wéra.

Àmọ́ bí cmp bá ní wọ́n yàtọ̀, ẹ má tíì gbà pé fídíò ọ̀tọ̀ ni wọ́n o. Àpótí ni MP4 àti MKV: àwòrán wà nínú rẹ̀, ohùn wà nínú rẹ̀, àkọlé àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é náà wà níbẹ̀. Yí àkọlé nìkan padà, gbogbo hash fáìlì náà yóò yí padà, bẹ́ẹ̀ sì ni ohunkóhun kò ṣe àwòrán. Ohun tó wà nínú àpótí ni kí ẹ fi ffmpeg, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò àti ohùn, yẹ̀ wò (irú hash kan ni md5 inú àṣẹ náà):

ffmpeg -v error -i a.mp4 -map 0:v -map 0:a -c copy -f streamhash -hash md5 -

Ìlà kan á jáde fún àwòrán, tó ní v, òmíràn á jáde fún ohùn, tó ní a. Bí ẹ bá ṣe b náà bẹ́ẹ̀, tí ìlà v bára mu tí ìlà a kò sì bára mu, ohùn nìkan ni ẹnì kan fọwọ́ kàn.

Ẹ yọ -c copy kúrò, ffmpeg yóò tú fídíò náà sílẹ̀ pátápátá kó tó ṣírò hash. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra gan-an: bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, ńṣe ló máa ń sọ ohùn di bit 16 kó tó ṣírò. Ohùn bit 24 méjì lè yàtọ̀ díẹ̀, kí hash wọn sì bára mu. Ẹ fi -c:a pcm_s24le kún un. Ní ti FLAC, irú fáìlì ohùn kan, ọ̀nà kúkúrú wà, torí pé MD5 ohùn tí wọ́n fi ṣe é sábà máa ń wà lórí fáìlì náà fúnra rẹ̀. Àṣẹ metaflac --show-md5sum á fi hàn yín lójú ẹsẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni framemd5, tó ń fún fírémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò, ní hash tirẹ̀:

ffmpeg -i a.mp4 -map 0:v -f framemd5 a.txt

Ẹ ṣe b náà bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi diff wé fáìlì méjèèjì. Mo ti rí ẹ̀dà méjì tí gbogbo ìlà wọn bára mu láti òkè wá, àfi pé ìlà ọ̀kan tán ṣáájú ti èkejì. Ẹ̀dà tó já lójú ọ̀nà nìyẹn, ojú kì bá tí rí i láìwò ó dópin.

Bí wọ́n bá ti tún ọ̀kan fún pọ̀ lọ́nà tó ń gé nǹkan kúrò nínú àwòrán, hash kò lè bára mu mọ́. SSIM, ìwọ̀n tó ń sọ bí àwòrán méjì ṣe jọra tó, ló kù:

ffmpeg -i b.mp4 -i a.mp4 -lavfi ssim -f null -

Bó bá jẹ́ 1, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Fífẹ̀ àti gíga wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lórí fírémù kan náà. Bí ọ̀kan bá fi fírémù kan ṣáájú, nọ́ńbà náà á já wálẹ̀ láìnídìí. Bí ẹ̀yin kò bá sì mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó, SSIM kò lè sọ èyí tó dára jù fún yín. Bitrate (iye dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) tí àṣẹ ffprobe ń fi hàn náà kò tó ẹ̀rí, torí pé wọ́n lè fi bitrate ńlá tún fídíò tó ti bàjẹ́ ṣe. Ńṣe ni mo máa ń yọ fírémù kan náà nínú méjèèjì:

ffmpeg -ss 60 -i a.mp4 -frames:v 1 a.png

Mo máa ń fẹ àwòrán méjèèjì tóbi, mo sì ń wo ibi tó ṣókùnkùn àti irun orí èèyàn, torí pé ibẹ̀ ni fífúnpọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ ba àwòrán jẹ́.