Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ Oktoberfest fúngbà àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: tẹ́ ò bá tíì lọ Oktoberfest rí, ìyẹn àjọ̀dún bíà ńlá tí wọ́n ń ṣe nílùú Munich ní Jámánì, ẹ má lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, kẹ́ ẹ sì ti débẹ̀ kó tó di aago méjìlá ọ̀sán.

Ìdí ni pé tẹ́ ò bá ríbi jókòó nínú tẹ́ǹtì, ẹ ò ní rí bíà mu, ẹni tó jókòó nìkan ni wọ́n ń gbé e wá bá. Tẹ́ǹtì ńlá ńlá 14 ló wà níbẹ̀ o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ tó bá di Sátidé wọ́n á ti kún fọ́fọ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin á wá máa dúró níta nínú òjò. Sátidé àkọ́kọ́ tiẹ̀ tún le jù, àwọn èèyàn á ti wà nídìí tábìlì láti òwúrọ̀ láìrí nǹkan kan mu, torí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta bíà títí tí olórí ìlú Munich á fi lu àgbá bíà àkọ́kọ́ ní tẹ́ǹtì Schottenhamel, aago méjìlá gééré.

Àti pé oṣù kẹsàn-án ló máa ń bẹ̀rẹ̀ o! Kẹ́ ẹ má lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sí àárín oṣù kẹwàá torí orúkọ ẹ̀. Ìgbéyàwó ọmọ ọba Bavaria, ìyẹn agbègbè tí Munich wà, tí wọ́n ń pè ní Ludwig pẹ̀lú Therese ní ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọdún 1810 ló bí gbogbo ẹ̀ (orúkọ ìyàwó yẹn náà ni wọ́n fi pe pápá tí wọ́n ti ń ṣe é, Theresienwiese), nígbà tó yá ni wọ́n fà á síwájú kó lè bọ́ sígbà tí òtútù ò tíì mú.

Owó ìwọlé ò sí. Ẹni tó bá ní òun ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Oktoberfest lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sá fún un. Wọ́n máa ń gba tábìlì sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ àwọn tó ni tẹ́ǹtì gan-an ni wọ́n ti ń gbà á, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, àwọn ẹgbẹ́ bí èèyàn mẹ́wàá ló sì sábà máa ń gbà á. Ẹ̀yin méjì mẹ́ta ò nílò ẹ̀. Ìjọba ìlú ti pàṣẹ pé kí gbogbo tẹ́ǹtì fi àwọn àyè kan sílẹ̀ fún ẹni tí ò gba nǹkan kan, ẹ kàn bi àwọn tó wà nídìí tábìlì bóyá àyè ṣì wà, wọ́n á sún fún yín, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa di ọ̀rẹ́.

Ó wá ku bíà fúnra ẹ̀. Maß ni wọ́n ń pe ife kan, lítà kan gbáko ni, láàárín yúrò 14.50 sí 15.80 ni wọ́n tà á lọ́dún 2025. Bíà tí iléeṣẹ́ mẹ́fà tó wà ní Munich ń pọn fún àjọ̀dún yìí nìkan ni wọ́n ń tà, ó sì le ju bíà ojoojúmọ́ wọn lọ, ọtí inú ẹ̀ tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń lọ lọ́fun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó mu. Adìyẹ yíyan ìlàjì wà níbi gbogbo, ó sì dáa fẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, tẹ́ǹtì Fischer-Vroni ni mo máa mú yín lọ. Wọ́n á to ẹja sórí igi gígùn, wọ́n á nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyín iná, ọ̀rá á máa kán tó-tó-tó, awọ ẹ̀ á gbẹ táá máa dún lẹ́nu, títùs wa gan-an sì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹja yẹn.

Ẹ bọ̀wọ̀ fáwọn obìnrin tó ń gbé ọtí. Ife òfìfo kan ju kílò kan lọ, ẹ wá wo obìnrin kan tó gbé mẹ́wàá tó kún dání lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń la èrò kọjá, tí ìfófòó ń ṣàn sí i lápá. Ẹ yà fún un. Owó lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ san, bó bá ṣe ń gbé e wá lẹ ó máa san án, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan lé e fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kan ife pọ̀, ìdí ife ni kẹ́ ẹ fi kàn án torí ibẹ̀ ló nípọn, kẹ́ ẹ wojú ara yín. Ẹ lè dúró lórí bẹ́ǹṣì kẹ́ ẹ jó, àmọ́ orí tábìlì, rárá. Ẹ má sì gbé ife lọ sílé o, olè ni wọ́n kà á sí.

Àwọn obìnrin máa ń bi mí nípa aṣọ. Dirndl, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Bavaria tó máa ń ní épírónì níwájú, ò pọn dandan, àmọ́ ó yẹ èèyàn gan! Tẹ́ ẹ bá so okùn épírónì sápá òsì, ẹ ò ní ọkùnrin nìyẹn, ọ̀tún túmọ̀ sí pé ẹ ti ní. Àwọn ọmọ ìyá méjì láti Kamẹrúùnù ti dá Noh Nee sílẹ̀ ní Munich, wọ́n ń fi aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà rán Dirndl, ó sì máa ń dùn mọ́ mi tí mo bá rí i. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni bá ń yọ lẹ́nu, ibi ìrànwọ́ kan wà tí wọ́n ṣí fáwọn obìnrin, Sichere Wiesn lorúkọ ẹ̀, ẹ má tijú láti lọ bá wọn.

Báàgì ńlá ò ní wọlé, ẹ fi sí hòtẹ́ẹ̀lì. Tẹ́ ẹ bá kó ọmọdé dání, ọ̀sán ló dáa jù, àwọn tí ò tíì pé ọdún mẹ́fà gbọ́dọ̀ ti jáde nínú tẹ́ǹtì tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́. Kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orin fèrè ni wọ́n ń fọn, wọn kì í sì í gbé e sókè, ẹ lè bára yín sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti mu tán, ẹ má gun sùkútà oníbátìrì yẹn o, bí mọ́tò lòfin ṣe kà á, ọ̀pọ̀ ti pàdánù láísẹ́ǹsì wọn síbẹ̀. Tíréènì abẹ́ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, àmọ́ èrò ibùdókọ̀ Theresienwiese máa ń pọ̀ jù lálẹ́, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lọ sí Goetheplatz kẹ́ ẹ wọ U3 tàbí U6 níbẹ̀.