Fọ̀ ọ́ ni tàbí fọ́ ọ? Atúmọ̀-èdè orí fóònù fún iṣẹ́ ìkòkò

Bí ẹ bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlele, n'Ílọrin, sínú atúmọ̀-èdè Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ "pot" sílẹ̀, ìkòkò nìkan ni yóò bá bọ̀. Orù tí a fi ń pọnmi ńkọ́? Àmù ńkọ́? Ìṣaasùn ọbẹ̀ ńkọ́? "Pot" náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn. Ara nǹkan gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ohun kan, ìlà kan nínú Excel. Òpó mẹ́jọ tó: nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, irú ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, àdúgbò, fáìlì ohùn, àwòrán. Ẹ má fojú kéré òpó àdúgbò o. Bí Ìgbómìnà bá pe nǹkan lọ́tọ̀ sí Ìlọrin, ẹ kọ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ohùn ìsàlẹ̀ wọn máa ń di àárín bí orúkọ bá tẹ̀ lé e: "fọ ìkòkò" la ń sọ, bẹ́ẹ̀ "fọ̀" ni ọ̀rọ̀ náà. "Po amọ̀" náà ńkọ́? "Pò" ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ láìdárúkọ nǹkan: fọ̀ ọ́, pò ó, mọ ọ́n, sá a, sun ún. Ibẹ̀ ni ohùn tòótọ́ ti ń jáde. Fáìlì ohùn WAV ni kí ẹ lò, 44,100 Hz, bíìtì 16. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi sọ fáìlì lórúkọ, bíi 0147.wav, torí àmì ohùn nínú orúkọ fáìlì máa ń dàrú bó bá ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn.

Àmì yìí kan náà ló ń pa atúmọ̀-èdè lórí ẹ̀rọ. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹnìkan á tẹ U+1EB9 (ẹ), á fi U+0301 (àmì òkè) lé e lórí. Ẹlòmíràn á tẹ U+00E9 (é), á fi U+0323 (àmì abẹ́ lẹ́tà) sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ ó wá ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tì. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú wọn di ọ̀kan náà. Ìlà kan péré ni nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n NFC kì í yí U+0329, ìlà kékeré abẹ́ lẹ́tà, sí U+0323. Ọwọ́ lẹ ó fi pààrọ̀ ìyẹn kí ẹ tó yí i sí NFC.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe òpó kẹsàn-án fún wíwá, kí ẹ kọ́kọ́ yí i sí NFD, tó ń tú àmì kúrò lára lẹ́tà, kí ẹ tó yọ U+0300 (àmì ìsàlẹ̀), U+0301 àti U+0323 kúrò níbẹ̀, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń lo fóònù kì í tẹ àmì. Ẹni tó bá tẹ "fo" gbọ́dọ̀ rí fọ̀ àti fọ́ pọ̀, kóun fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ bá a yàn án. Ẹni tó ní kí wọ́n fọ ìkòkò kò ní kí wọ́n fọ́ ọ.

Bí ẹ bá ń kó o jáde, "CSV UTF-8" ni kí ẹ yàn nínú Excel, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ìbéèrè ni ẹ ó bá níbi tí ẹ kọ ọ̀ àti ṣ sí. FLEx, ètò kọ̀ǹpútà fún atúmọ̀-èdè tí SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, á tò ó bí ẹ bá ti yí CSV náà sí irú fáìlì tó ń gbà, bíi SFM tàbí LIFT. Ẹ sọ fún un pé gb ń bọ̀ lẹ́yìn g, kí gbogbo "gb" má baà há sáàárín "ga" àti "ge". Dictionary App Builder, ètò SIL mìíràn, á sọ ọ́ di áàpù Android tí kò nílò dátà.