Ìjókòó Iwájú

Ìtàn kan ni bàbá mi fi tọ́ wa dàgbà, ìtàn Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá. Ọmọ agbègbè wa ni wòlíì náà, ìhà Odò-Ọwá àti Ìlọ́fà ni wọ́n bí i sí ní 1904. Awakọ̀ rólà ni, èyí tí wọ́n fi ń tẹ títì nígbà ìjọba òyìnbó. Ní oṣù kẹwàá 1928, lójú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́, rólà náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó ṣe sí i, kò dáhùn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn tó pè é. Bí bàbá mi, alàgbà nínú ìjọ CAC (Christ Apostolic Church), bá ti sọ ọ́ débẹ̀, á wò mí lójú, á ní, "Ìwọ náà, a ó pè ọ́."

Akólòlò ni mí.

Ní 2003 mo gba fọ́ọ̀mù ilé-ìwé Bíbélì kan. Mo yege nínú ìdánwò tí a kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n ka Orin Dáfídì 23. "Olúwa", ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pàá, ni kò jáde. Ó há mi lọ́fun. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó jókòó síbẹ̀ rọra pa Bíbélì dé, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó dúró gbọ́ ìwàásù rẹ?"

Àwọn tó wá tù mí nínú ń rán mi létí pé Mósè náà wúwo lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Mósè ní Áárónì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wa bọ́ọ̀sì, Ìlọrin sí Òmù-Àrán. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà á bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀nà, kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá kọ́kọ́ tẹ́tí. Bẹ́ẹ̀ ni o. Èrò á máa kùn lẹ́yìn, èmi á dúró jẹ́ẹ́, màá máa retí ohùn. Atẹ́gùn nìkan ni mò ń gbọ́.

Dáda ni ojú mi ti là, láàárín Ìlọrin níbẹ̀, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Mo máa ń bá wọn kó ìkòkò omi àti ìkòkò àgbo lọ sí Òmù-Àrán. Nínú Jeremáyà 18, kẹ̀kẹ́ ni amọ̀kòkò ń lò, ìkòkò ló ń yí. Ní Dáda, ìkòkò á dúró sójú kan, ìyá tó ń mọ ọ́n ló ń yí i po, á tẹ̀ ba, á máa fẹ̀yìn rìn, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Lọ́jọ́ kan tí mo ń dúró kí wọ́n di ẹrù, ètè èyí tí ìyá kan ń mọ lọ́wọ́ ya. Kò pòṣé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó wọ́n omi sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí yí i ká.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò dà á nù?"

Ó ní, "Amọ̀ tútù la ó dà nù, ọmọ mi?"

Mùsùlùmí ni ìyá náà, kò sì mọ ohun tó ṣe fún mi. Àìmọye ìgbà ni mo ti ka Jeremáyà 18, n kò kíyè sí i rí pé amọ̀kòkò yẹn kò lọ bu amọ̀ mìíràn. Èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló tún fi mọ òmíràn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó bá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ nira fún mi, nítorí náà n kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Opó ti sunkún níbẹ̀. Ọkùnrin kan ti jẹ́wọ́ owó ẹgbẹ́ tó ná. Éfésù 2:10 ní Ọlọ́run ti pèsè iṣẹ́ rere sílẹ̀ kí a máa rìn nínú wọn. Èmi ti ń rìn nínú tèmi láti Gánmọ dé Àjàṣẹ́ dé Òrò, tí mo ń retí pé kí ọkọ̀ kú.

Ọmọ kan jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ nílé-ìwé. Ó wo ojú fèrèsé títí, ó wá ní òun kò ní dé ilé. Bó ṣe sọ ọ́, ó yé mi. Mo gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Àjàṣẹ́, mo bẹ èrò, mo ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún un, mo sì gbàdúrà. Ó pẹ́ gan-an kí orúkọ Jésù tó jáde lẹ́nu mi. Ó dúró dè mí. Ó di ọwọ́ mi mú títí mo fi ṣe àmín. Èmi fúnra mi ló mú un dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi, ohun kan péré ló bi mí: "Ṣé ọmọ náà jẹun?"

Mo ní ó jẹun.

"Ó dáa."

Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sọ fún mi mọ́ pé a ó pè mí.