Ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń wó lọ ní Mayo

Lánàá, mo dúró síwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àtijọ́ kan ní ìgbèríko Mayo, ní Ireland, inú mi ò dùn rárá. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ilẹ̀kùn méjì ló ní: ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Òrùlé ti jìn. Igi ti hù nínú kíláàsì.

Ọdún 1831 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Ireland nígbà náà dá ètò irú ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, títí kan ọmọ tí kò gbọ́ ju Irish, èdè ìbílẹ̀ wọn, lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ á jẹgba. Èmi tí wọ́n ti gbowó ìtanràn lọ́wọ́ mi rí torí pé mo sọ Yorùbá ní kíláàsì, ó dùn mí wọra.

Nígbà òtútù, àwọn ọmọ ló ń gbé ègé ilẹ̀ irà gbígbẹ wá látilé, òun ni wọ́n fi ń dáná yá.

Láàárín ọdún 1960 sí 1980, wọ́n da ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké pọ̀ mọ́ àwọn ńlá. Àwọn kan di gbọ̀ngán ìlú, àwọn kan di ilé gbígbé. Èyí ò rẹ́ni tọ́jú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n bo òrùlé yẹn kí òjò tó wó ògiri!